Júdò Bàràsílì: ẹ kọ nípa àwọn tó pàdánù náà

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Gbogbo ìgbà tí orúkọ Bàràsílì bá jáde ní abala eré ìdárayá yín, bọ́ọ̀lù ṣáá ni. Bẹ́ẹ̀ júdò ló gba mẹ́dàlì Òlíńpíìkì fún wọn jù, 28 látìgbà tí Chiaki Ishii ti gba bíróǹsì ní Munich lọ́dún 1972 (Jàpáánì ni wọ́n bí i sí o, ó wá di ọmọ Bàràsílì), títí dé Párísì 2024 tí Beatriz Souza gba gólù. Gólù márùn-ún ló wà níbẹ̀. Àjọ tó ń darí ẹ̀, CBJ, 1969 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n torí Rafaela Silva ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Cidade de Deus ló ti jáde, àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Rio tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbọn, àwọn òbí ẹ̀ ló mú un lọ kọ́ júdò kó lè yéé bá àwọn ọmọ jà ládùúgbò, Instituto Reação, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní júdò, tí ajúdò Flávio Canto wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù 2012, ó gbá ẹsẹ̀ ọmọ Họ́ngárì tí wọ́n jọ ń jà mú, òfin ò gbà á mọ́, rẹfirí bá lé e jáde. Àwọn ará ìlú ẹ̀ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pè é ní ọ̀bọ, pé inú kéèjì ló yẹ kó wà. Ọmọ ogún ọdún! Díẹ̀ ló kù kó pa júdò tì pátápátá.

Àmọ́ àwọn tó ń kọ́ ọ ò ta á nù. Kóòṣì ẹ̀ Geraldo Bernardes ò fi í sílẹ̀, wọ́n wá onímọ̀ nípa èrò ọkàn tó ń bá a sọ̀rọ̀, nígbà tó fi máa di 2013 aṣọ Bàràsílì ló tún wọ̀ ní ìdíje àgbáyé, ní Rio níbẹ̀, ó sì di obìnrin Bàràsílì àkọ́kọ́ tó máa gba gólù àgbáyé nínú júdò. 2016, gólù Òlíńpíìkì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n dá a dúró torí oògùn tí òfin ò gbà tí wọ́n rí lára ẹ̀, kò lè lọ Tokyo, àmọ́ 2022 ó tún gba gólù àgbáyé.

Ẹ wá wo Párísì. Ó pàdánù ìjà bíróǹsì tiẹ̀, inú mi bà jẹ́ gan-an. Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè jà, Bàràsílì àti Ítálì di mẹ́ta-mẹ́ta nínú ìjà bíróǹsì, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà mú ìwọ̀n ara tí àwọn oníjà ẹ̀ máa jà á tán, kìlò 57 ló mú, ìwọ̀n tiẹ̀ gan-an, ló bá tún padà sórí ẹní, ó sì borí. Gbogbo ẹgbẹ́ gba bíróǹsì.

Nàìjíríà ò tíì gba mẹ́dàlì Òlíńpíìkì kankan nínú júdò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, àmọ́ tí ọmọ wa bá pàdánù, èébú la máa ń kọ́kọ́ fún un, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì a ò rántí orúkọ ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà ò sì béèrè ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn kan lọ bá àwọn tó ń ṣe júdò l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, kó bi wọ́n pé ta ló ń sanwó dókítà tí èjìká bá yẹ̀, ta ló ń pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n bá pàdánù. Màá ra ìwé ìròyìn yín lọ́jọ́ yẹn.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.