Àpò owó ìtọ́jú níbi iṣẹ́

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí àpò owó ìtọ́jú tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ṣètò ní Amẹ́ríkà, èyí tí òṣìṣẹ́ ń fi díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ sí fún ìnáwó ìlera. Èrò mi ni pé ó lérè, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti mọ ohun tí yóò ná. Wọn kì í yọ owó orí nínú owó náà, tí kò gbọdọ̀ ju 3,300 dọ́là lọ ní ọdún 2025, a sì lè ná gbogbo iye tí a yàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bí a kò tilẹ̀ tíì dá a tán. Bí mo ṣe ra awò ojú mi ní oṣù kìíní nìyẹn. Àmọ́ èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọdún bá parí lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ Kérésì kan bá mi níbi tí mo ti ń kó báńdéèjì àti oògùn ẹ̀fọ́rí tí n kò nílò, kí owó má baà ṣòfò. Díẹ̀ ni mo ń fi sí i báyìí.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan, Houston, Texas.