Lẹ́tà sí Màámi ní Èpẹ́: ẹja tí a kì í tà

Batesville, Mississippi
Oṣù Keje

Màámi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìnáwó ìsọmọlórúkọ ọmọ Ṣìdí. Mo rí àwọn fọ́tò lórí WhatsApp, léèsì yẹn yẹ yín gan-an. Ara wa le níbí. Ìyàwó mi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀gúsí tí ẹ fi rán ìyá yẹn dé ọ̀dọ̀ wa láìdín.

Ẹ ní ẹ pè mí títí ní Sátidé, n kò gbé e. Bùọ̀dá Múfú náà ti fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n ń bú mi pé mo ti di òyìnbó. Màámi, orí omi ni mo wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi náà kọ́ ni mo sọ fún Bàbá, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, pé n kò ní fi àjẹ̀ jẹun láyé mi, pé ìwé ni n ó kà? Mo kàwé náà, òun ló sì gbé mi dé ibi tí mo ti ń fi owó ara mi ra epo lọ pẹja. Mo rò pé kí n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé, torí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ò ní jẹ́ kí n débì kan tí ẹ ó fi bi mí pé èló ni wọ́n ń ta agbọ̀n kan.

Wọn kì í tà á. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀. Crappie ni wọ́n ń pe ẹja náà, òfin ìpínlẹ̀ yìí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tà á tàbí kó rà á. Bí o bá pa á, jẹ ẹ́, fún aládùúgbò jẹ, ó parí. Mo fojú inú rí yín ní ìsọ̀ yín ní Olúwo bí ẹ ṣe ń gbọ́ èyí, tí ẹ ń pòṣé.

Enid ni adágún náà ń jẹ́, kò jìnnà sílé wa. Kì í ṣe omi tó wà níbẹ̀ láti ìṣẹ̀ǹbáyé bíi ti ọ̀sà wa. Odò Mississippi ló kún àkúnya ní 1927, tó gbé ilé àti oko lọ, lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba wá dí àwọn odò tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè níhìn-ín, wọ́n sì di adágún: Sardis ní 1940, Arkabutla ní 1943, Enid ní 1952, Grenada ní 1954. Torí àkúnya ni wọ́n ṣe ṣe é, ẹja kàn bá wọn débẹ̀ ni. Ó sì rí wọn lò dáadáa, nítorí nídìí ìsédò Enid yìí ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fred Bright ti pa crappie funfun tó tóbi jù lọ láyé, ní 1957. Ó wọn kílò 2.35, kò sì tíì sí ẹni tó pa èyí tó jù ú lọ. Lójú yín, kílò méjì kì í ṣe ẹja tí à ń pariwo rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwa ń rí kì í sábà kọjá ìlàjì kílò.

Ẹni tó mú mi dé ibẹ̀ ni bàbá kan tó ń gbé ní òdìkejì títì wa, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Díkónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Díkónì náà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ti kọjá ọdún 65, ìjọba kò gba owó ìwé àṣẹ ìpẹja lọ́wọ́ wọn mọ́, èmi ń san tèmi lọ́dọọdún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n bẹ̀ mí kí n jáwọ́, pé àwọn èèyàn ń rò pé kọ́kọ́rọ́ mi ló bọ́ sílẹ̀.

Àwa tí a dàgbà ní Èpẹ́, ohun tí a mọ̀ ni pé ẹja ló ń wá bá ìgèrè. O dẹ ẹ́ sílẹ̀, o lọ sùn, o padà wá wò ó láàárọ̀. Lásìkò ooru níbí, ìyẹn kò ṣeé ṣe. Omi òkè á gbóná, ìsàlẹ̀ pátápátá kò sì ní ní afẹ́fẹ́ tí ẹja lè mí. Crappie tó yé ẹyin sí etí omi nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ á wá bọ́ sí gbalasa, á dúró sí agbedeméjì omi, kò kan òkè, kò kan ìsàlẹ̀, á máa tẹ̀lé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní shad. Bí o bá ju ìwọ̀ kan sínú irú omi gbalasa bẹ́ẹ̀ tí o jókòó tì í, ilẹ̀ á ṣú bá ọ níbẹ̀. Àfi kí o máa wá a kiri.

Ẹja ike tí wọ́n ń pè ní crankbait ni wọ́n fi ń wá a. Gígùn rẹ̀ tó íńṣì 2. Inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n kó ọta wẹ́wẹ́ sí i, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì sì rọ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan lábẹ́ ikùn, ọ̀kan nídìí ìrù. Bàbá ọgbọ́n wà lẹ́nu rẹ̀: pẹlẹbẹ ike kan yọ síwájú níbẹ̀, ó dagun. Bí o bá gbé e sórí omi, ó léfòó. Bí o bá ń fà á, omi á máa ti pẹlẹbẹ yẹn sísàlẹ̀, ẹja ike á rì, á máa jù sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń lọ. Bí okùn tí o tú sílẹ̀ bá ṣe gùn tó, tó sì tín-ínrín tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa jìn tó. Ìdí nìyí tí ríìlì Díkónì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń ká okùn mọ́ lára ọ̀pá ìpẹja, fi ní òǹkà lára, tó ń sọ iye ẹsẹ̀ bàtà okùn tó ti jáde. Bí ọ̀pá kan bá mú ẹja ní 80, kíá ni wọ́n á ti tún àwọn yòókù ṣe sí 80. Bandit ni oríṣi tí wọ́n fẹ́ràn jù, ìlú Sardis tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bí omi bá ti dọ̀tí, wọ́n ní àfi píǹkì. Èmi kò gbà pé àwọ̀ já mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn ni mo wà, ta ni kí n bá jiyàn?

A ó to àwọn ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀yìn, àwọn tó gùn níwájú, àwọn kúkúrú lẹ́yìn, kí okùn má bàa lọ́ mọ́ra. Wọ́n á wá tan ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń lo bátìrì, tí kò pariwo. Eré rẹ̀ kì í ju máìlì 1.5 sí 2 lọ láàárín wákàtí kan. Màámi, ó lọ́ra bí Àlàájì tó ń ti ìrun Jímọ̀ọ̀ bọ̀, tó ń dúró kí gbogbo èèyàn lọ́nà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyà ni. Àṣé inú eré yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Díkónì kì í wo omi, nọ́ńbà eré lórí ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. 1.6, 1.7, wọ́n á fi kún un, wọ́n á dín in kù.

Èyí tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀. Wọn kì í lọ tààrà, wọ́n á máa gba kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí, ẹja ike tó wà ní apá inú á falẹ̀, á sì gòkè díẹ̀. Ti apá òde á sáré. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá apá òde ni ẹja gbé, ìyẹn ni pé eré ni wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ náà, Díkónì á fi kún eré ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti inú, wọ́n á dín in kù. Wọ́n ń fi yíyí kan ṣoṣo béèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ ẹja.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo ṣóńṣó àwọn ọ̀pá. Bí ṣóńṣó bá ń gbọ̀n pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹja ike ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, ewé ti há sí i, kí n yára fà á wọlé. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ kọdọrọ sẹ́yìn tí kò padà, ẹja nìyẹn, àbí kùkùté. Kùkùté pọ̀ nísàlẹ̀ omi yìí, torí igbó ló jẹ́ kí wọ́n tó dí odò. Àmọ́ lọ́dọọdún, tí ooru bá ti lọ, ìjọba á tú omi sílẹ̀ kí ààyè lè wà fún òjò tó ń bọ̀, ilẹ̀ adágún á sì yọ síta. Nígbà yẹn ni Díkónì á wọ bàtà òjò, wọ́n á máa rìn lórí ẹrẹ̀, wọ́n á máa fi fóònù sàmì sí ibi tí kùkùté kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn èèyàn ń jókòó nínú ilé nídìí iná, Díkónì ń rìn ní ìsàlẹ̀ omi.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹja lóòótọ́, ẹ ò gbọdọ̀ já a gbà. Ẹnu crappie fẹ́lẹ́, kíá ló ń ya. Ọkọ̀ kò ní dúró, o ò ní gbọn ọ̀pá, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wàá máa yí ríìlì, títí wàá fi ti àwọ̀n ọlọ́wọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó funfun bí ó ti ń dán, pẹ̀lú àmì dúdú dúdú láti ẹ̀yìn wá sí ẹ̀gbẹ́.

Pátákó ìwọ̀n wà nínú ọkọ̀. Ní adágún Enid yìí, crappie tí kò bá ju íńṣì 12 lọ gbọ́dọ̀ padà sínú omi. Mo sọ fún Bùọ̀dá Múfú, wọ́n ní ṣé ìjọba ló ń san owó ilé-ìwé ọmọ wọn ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò lè bá wọn wí láti ibi tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n Màámi, ẹ̀yin náà ni ẹ ń ráhùn pé epìyà tó ń wọ Olúwo kò tó ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ojú àwọ̀n Bùọ̀dá ti kéré tó fi jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sẹ́ ògì.

Nísinsìnyí, èyí tí yóò dùn yín. Ọ̀bẹ oníná ni wọ́n fi ń gé ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á fi ìyẹ̀fun àgbàdo yí i, wọ́n á dín in. Ó dùn, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ńkọ́? Eegun ńkọ́? Inú garawa ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ! Mo ní kí wọ́n kó orí fún mi. Ìyàwó Díkónì rò pé ológbò ni mo fẹ́ fún. A fi ata rodo àti ìrú se é, a gbé abọ́ kan lọ bá wọn, Díkónì mu omi títí, wọ́n sì tún ní kí a bu díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, orí ẹja kì í lọ sínú garawa mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Owó tí Bùọ̀dá bèèrè fún àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ti wà ní àkáǹtì Ṣìdí, kó fà á lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bá ń bọ̀ nílé ní Oṣù Kejìlá, n ó fi ẹja ike méjì rán an sí Bùọ̀dá, píǹkì kan, funfun kan. Kí wọ́n so ó mọ́ okùn tínrín, kí wọ́n máa fà á lẹ́yìn ọkọ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí Èjìnrìn, kí wọ́n má sáré. Ó yẹ kí ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń lé ẹja wẹ́wẹ́ jẹ. Ohun tó bá gbé e, kódà bí nǹkan kan ò bá gbé e, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, Díkónì ń bi mí lójoojúmọ́. Ẹ sì bá mi sọ fún Ṣìdí kó má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án o, ìwọ̀ rẹ̀ mú.

Èmi ọmọ yín,
Wàsíù