Ẹ fún apòògùn àti aláìsàn láàyè láti jókòó sọ̀rọ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ àwọn apòògùn ló ká mi lára. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ ìyá mi méjèèjì ṣàdédé wú débi pé bàtà ò gbà wọ́n mọ́, làwọn ará àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ pé Màmá ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan, ẹnì kan tiẹ̀ ti júwe babaláwo fún wa. Ọpẹ́lọpẹ́ apòògùn kan n'Íbàdàn níbí tí mo lọ ra oògùn bíípíì wọn lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní kí n tó sanwó, kí n lọ kó gbogbo oògùn tí Màmá ń lò nílé wá, títí kan àgbo. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ní ṣé oògùn ni mo wá rà àbí ìdánwò ni mo wá ṣe.

Ìgbà tá a da láílọ́ọ̀nù tí mo kó wọn sí sórí kántà làṣírí tú. Ọsibítù méjì ni Màmá ń lọ, ìkínní fún wọn ní oògùn bíípíì tó ń jẹ́ amlodipine, 10mg, ìkejì náà fún wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ara páálí yàtọ̀, àwọ̀ ẹ̀ náà yàtọ̀, ni wọ́n bá ń lo méjèèjì pọ̀. 20mg lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ 10mg ni òpin ẹ̀, oògùn yẹn sì máa ń wú èèyàn lẹ́sẹ̀ tó bá pọ̀ lára. Ibuprofen, oògùn ìrora tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísíìtì fún orókún, tún wà níbẹ̀, bí oògùn kan ṣe ń fa bíípíì wálẹ̀ lòmíì ń gbé e gòkè. Apòògùn yẹn ò ní ká dá nǹkan kan dúró fúnra wa o, ó pe dókítà níṣojú mi, wọ́n jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó yọ èyí tó yẹ kúrò. Kò pẹ́ púpọ̀ tẹ́sẹ̀ fi rọlẹ̀.

Àmọ́ ní ọsibítù ńlá tá a ń lọ, ẹ̀yìn ihò fèrèsé kékeré kan ni apòògùn wà, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á na oògùn síta, "ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ẹni tó kàn!" Èrò tò bẹẹrẹbẹ lẹ́yìn ẹ, ta ló fẹ́ sọ níbẹ̀ pé òun ń mu àgbo jẹ̀dí? Mi ò bá àwọn apòògùn wí, wọn ò pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo ọdún 5 ó kéré tán ní yunifásítì torí oògùn, ṣé ká kàn máa na oògùn síni ló kọ́? Kí ìjọba fún wọn ní yàrá kékeré kan àti àga méjì péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn náà, ẹ máa kó gbogbo ẹ̀ dání tẹ́ ẹ bá ń lọ. Màmá mi ti rán àpò àǹkárá kan fún tiwọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n fi kọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.