Bàámi, Òkúta Yín Ni Mo Rí

Bristol, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ Àìkú.

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Àlàáfíà ni mo wà, òtútù nìkan ló ń bá mi fà á.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kó wa lọ sí Cheddar, níbi àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Mendip. Àfonífojì ni ọ̀nà mọ́tò gbà, ó fún, òkúta sì dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì. Ibì kan ga tó mítà 137. Ewúrẹ́ ń jẹko létí bèbè tí n kò lè dúró sí láéláé.

Mo fọwọ́ kan òkúta náà. Bàámi, òkúta yín ni! Òkúta ẹfun tí ẹ fi ọdún mẹ́tàlélógún fọ́ ní Ewékorò, kì í ṣe òkúta akọ bíi ti Olúmọ. Ẹ rántí èyí tí ẹ gbé wálé, tí àmì ìkarahun wà lára rẹ̀? Ẹ ní òkun ti bo Ewékorò rí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wa níbí: ìkarahun ohun abẹ̀mí inú òkun ló kó jọ di òkè yìí, ó ti lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún. Àbúrò rẹ̀ ni tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí fún ẹ̀rín yẹn.

Tiwa, àdó olóró la fi ń fọ́ ọ. Tibí, omi ló ń jẹ ẹ́. Bí òjò bá ti gba inú ilẹ̀ kọjá, irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta á wọ inú rẹ̀, omi náà á sì kan díẹ̀, kò tiẹ̀ tó omi ògì. Kíkan yẹn ló ń yọ́ òkúta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ihò. Ẹ ò ní rí odò nínú àfonífojì náà mọ́. Láyé ìgbà tí ilẹ̀ dì gbagidi bíi yìnyín lomi gba orí òkè, tó la òkúta sí méjì. Nígbà tí ilẹ̀ yọ́, omi náà wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá abúlé, ló ti ń tú jáde.

A wọ ihò kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gough. Omi ń kán tó, tó, tó, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì ń fi ẹfun bíńtín sílẹ̀, ó ti di òkúta tó so rọ̀ bí ọmú ewúrẹ́. Wọ́n to wàràkàṣì síbẹ̀ kó lè gbó, torí ìtutù ibẹ̀ kì í yí padà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Nínú ihò yẹn ni wọ́n ti hú egungun ọkùnrin kan ní 1903, tó kú láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ yẹ ohun tó kù nínú egungun náà wò, wọ́n ní ó jọ pé awọ ara rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì búlúù. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n máa ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò padà sílé.

N kò mú òkúta kankan bọ̀. Ṣé èyí tí ẹ fi ń há ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣì wà? Ẹ ní kí Bùnmi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbẹ́ tí ìkarahun wà ni kó yà.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Kúnlé