Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí káàdì tó ń fúnni ní ènì

Àjàṣẹ́-Ilé,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí bàbá ilé, mo kí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ṣé òtútù Amẹ́ríkà ti ń rọlẹ̀? Níbí, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó gba Wàndó wá sílé wa ti di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n àlàáfíà la wà. Màmá mi ní kí n kí ọ dáadáa, wọ́n sì ń béèrè bóyá o ń rí ẹ̀fọ́ gidi jẹ lọ́hùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ìwé mẹ́rin ló wọ inú àpótí lẹ́tà yín lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, tí bánkì kọ̀ọ̀kan ń sọ pé káàdì àwìn tòun, èyí tí a fi ń ra nǹkan kí a tó san owó rẹ̀ fún bánkì, ló dára jù. Ọ̀kan ní òun á fún ọ ní 200 dọ́là bí o bá ti ná 500 láàárín oṣù mẹ́ta. Òmíràn ní òun á gbé ọ wálé lófẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ òfúrufú. O ní kí n sọ èyí tí wàá mú. Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, torí ìṣirò wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o lè jókòó tì í pẹ̀lú bírò nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ọdún mẹ́fà tí mo lò ní Maryland kí n tó padà wá tọ́jú màmá, káàdì ni mo fi ń ra nǹkan gbogbo. Mo lá oyin rẹ̀, oyin sì ta mí.

Ní àárọ̀ yìí mo lọ ra gààrì ní ọjà Wàndó. Lẹ́yìn tí ìyá elégààrì wọn tóńgólò mẹ́ta fún mi tán, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ènì ni. Ohun tí àwọn bánkì yẹn ń pariwo nínú ìwé wọn, ènì náà ni, yálà wọ́n pè é ní owó, ní póìntì tàbí ní máìlì tí a lè fi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Inú èrè ara rẹ̀ ni ìyá elégààrì ti bu tèmi. Bánkì ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ló ti ń gba tìrẹ. Gbogbo ìgbà tí o bá fi káàdì àwìn ra nǹkan ní Amẹ́ríkà, ọlọ́jà ń san nǹkan bíi 2% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ bánkì tó fún ọ ní káàdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ènì. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2015 ni òfin ti sọ pé ohun tí bánkì ń gbà nínú owó yẹn lórí káàdì àwìn kò gbọdọ̀ ju 0.3% lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa tó wà ní Faransé kì í fi í rí irú ènì tí ẹ̀yin ń rí. Ibòmíràn tí owó náà ti ń wá ni èlé tí àwọn tí kò san gbèsè wọn tán ń san lóṣooṣù. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí wọ́n kà ọ́ mọ́ àwọn wọ̀nyẹn.

Wò ó báyìí. Ká ní o ra ọjà 1,000 dọ́là lóṣù kan, tí káàdì sì ń fún ọ ní 2%, ènì rẹ jẹ́ 20 dọ́là. Bí o bá fi 1,000 yẹn sílẹ̀ láìsan, tí èlé káàdì jẹ́ 24% lọ́dún, bíi 2% nìyẹn lóṣù, 20 dọ́là ni wọ́n máa gbà padà lọ́wọ́ rẹ. Oṣù kan péré ti jẹ ènì náà tán. Láti oṣù kejì, àpò ara rẹ lo ti ń yọ ọ́. Èyí tí kò hàn sójú tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń san gbèsè rẹ̀ tán máa ń ní, ó kéré tán, ọjọ́ 21 láti ìgbà tí ìwé gbèsè bá ti jáde, kò sì ní san èlé kọ́bọ̀. Bí o bá ti fi díẹ̀ sílẹ̀ báyìí, oore yẹn ti tán nìyẹn, iyọ̀ tí o bá rà lónìí á bẹ̀rẹ̀ sí í bí èlé láti òní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyí, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ọ rí. Mo gba káàdì kan tó ṣèlérí máìlì púpọ̀ fún mi bí mo bá lè ná 3,000 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta. Ìnáwó mi nígbà yẹn kò ju 700 lọ lóṣù. Mo ra firísà, mo ra tẹlifíṣọ̀n, mo ń sọ fún ara mi pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń kó jọ. Kò pẹ́ tí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń san iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sínú ìwé gbèsè pé kí n san lóṣù, tí gbèsè náà sì jókòó síbi tó wà bí òkúta. Nígbà tí mo ṣírò èlé tí mo ti san, ó lé ní 350 dọ́là, bíi 200,000 sẹ́fà, owó tiwa níbí. Mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn, nítorí mo mọ ohun tí 200,000 sẹ́fà lè ṣe nínú ilé wa níbí.

Nítorí náà, kí o tó ka ìwé bánkì kankan, kọ́kọ́ kọ ìnáwó ara rẹ sílẹ̀. Nínú àwọn nǹkan tí o ti ń sọ fún mi, mo gbìyànjú láti kọ ọ́: oúnjẹ 400 dọ́là lóṣù, epo ọkọ̀ 130, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì 110, aṣọ àti nǹkan àwọn ìbejì 100, àwọn wẹ́wẹ́wẹ́ yòókù bíi 160. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 900. Owó ilé kò sí níbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì lẹ fi ń san án.

Oúnjẹ ló tóbi jù, ojú oúnjẹ sì ni àwọn bánkì ń wò. American Express ní káàdì kan, Blue Cash Preferred, tó ń fúnni ní 6% ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, títí dé 6,000 dọ́là lọ́dún, 95 dọ́là sì ni owó káàdì náà lọ́dún. Oúnjẹ 400 lóṣù jẹ́ 4,800 lọ́dún. 6% rẹ̀ jẹ́ 288. Yọ 95 kúrò, ó ku 193. Káàdì 2% tí kò gba owó ọdún á fún ọ ní 96 lórí oúnjẹ kan náà. Ìwọ ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, àbí?

Ṣùgbọ́n níbo lo ti ń ra oúnjẹ? Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi: ìrẹsì àti adìyẹ ní Costco, wàrà àti búrẹ́dì ní Walmart, èlùbọ́, epo pupa àti ẹja gbígbẹ lọ́dọ̀ obìnrin ará Gánà yẹn. Láti ọdún 2016, èyí tí wọ́n kọ Visa sí lára nìkan ni ṣọ́ọ̀bù Costco ń gbà nínú gbogbo káàdì àwìn, American Express kò wọlé níbẹ̀ rárá. Walmart gbà á, ṣùgbọ́n American Express kì í ka Walmart mọ́ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, 1% ni wọ́n máa fún ọ. Ní ti obìnrin ará Gánà, irú òwò tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó gba ẹ̀rọ ìsanwó ló ń pinnu. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, iṣu kún ilé rẹ̀ o, kò kan bánkì. Bí ó bá jẹ́ 100 dọ́là péré nínú 400 yẹn ló bọ́ sábẹ́ 6%, ohun tí wàá rí lórí rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 72 dọ́là. Owó káàdì, 95. Ènì 6% yẹn nìkan kò tó san owó káàdì. Ìyá ìbejì mìíràn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ńlá lójoojúmọ́ lè gba káàdì yìí kó sì jèrè gan-an. Tìrẹ kọ́.

Nínú èyí tí mo mọ̀, káàdì 2% lórí nǹkan gbogbo, tí kò gba owó ọdún, ni mo fẹ́ kí o mú. Méjì tó gbajúmọ̀ ni Citi Double Cash àti Wells Fargo Active Cash. Mastercard ni ti Citi, kò ní wọ Costco. Visa ni ti Wells Fargo, òun ni mo fọwọ́ sí fún ọ. Wọ́n máa ń yí àdéhùn padà, torí náà ka ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbà á. 2% lórí 900 jẹ́ 18 dọ́là lóṣù, 216 lọ́dún. Ní ti 200 dọ́là tí wọ́n ní àwọn á fún ẹni tó bá ná 500 láàárín oṣù mẹ́ta, ìyẹn ni ènì gidi, torí o máa ná 500 láàárín oṣù kan láìfi tẹlifíṣọ̀n kún un.

Káàdì tó ń fúnni ní 5% tí wọ́n ń yí irú ọjà rẹ̀ padà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, bíi ti Discover, o gbọ́dọ̀ máa wọ orí ìkànnì wọn forúkọ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tí o tún ń tọ́ ọmọ méjì, fi í sílẹ̀.

Ti ọkọ̀ òfúrufú ló ń dùn mí láti sọ, nítorí mo mọ bí àárò ilé ṣe ń ṣe ọ́. Òótọ́ ni pé a lè gbé póìntì àwọn káàdì kan lọ sọ́dọ̀ Air France, tó ń wá sí Kútọnu. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbé e lọ, kò ní padà mọ́, iye póìntì tí wọ́n ń béèrè fún ìjókòó kan sì lè yí padà láàárín ìgbà tí o ń kó o jọ. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ń bọ̀, ìgbà ìsinmi iléèwé sì ni, nígbà tí gbogbo èèyàn fẹ́ wálé. Owó tí o ti yọ sọ́tọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ, kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ lọ́la pé kò tó bó ṣe tó lánàá.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí ni mo ń bẹ̀ ọ́ lé lórí jù. Owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ ní Kétu lóṣooṣù, má fi káàdì àwìn rán an láé. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé, ṣé 150 dọ́là yìí náà kò lè fún mi ní ènì ni? Ọ̀pọ̀ bánkì máa ń kà á sí owó tí o yá lọ́wọ́ wọn ní kàáṣì. Wọ́n á gba owó iṣẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ 5% tàbí 10 dọ́là, èyí tó bá pọ̀ jù, èlé á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà gan-an, kò sì sí ènì kankan. Àkáǹtì bánkì rẹ ni kí o ti máa rán an, kí ó wọ MoMo, àpò owó orí fóònù màmá, bó ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bákan náà, bí o bá wálé, má ti káàdì àwìn bọ ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Kútọnu tàbí níbí. Active Cash tí mo ń yìn yìí gan-an ń gba 3% lórí ohun tí a bá rà lẹ́yìn Amẹ́ríkà, torí náà fi í sílẹ̀ sínú àpò. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá béèrè bóyá dọ́là lo fẹ́ fi san tàbí sẹ́fà, lórí káàdì èyíkéyìí, sẹ́fà ni kí o mú, torí iye tí ẹ̀rọ wọn ń pa dọ́là sí kì í dára.

Káàdì àkọ́kọ́ tí o fi 200 dọ́là dógò gbà lọ́dún méjì sẹ́yìn, béèrè lọ́wọ́ bánkì bóyá wọ́n lè dá dógò yẹn padà nísinsìnyí. Bí kò bá gba owó ọdún, má pa á tì, máa fi san owó fóònù nìkan. Bí àkáǹtì bá ti ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ rẹ sí i. Lọ́jọ́ tí tuntun bá dé, kí o tó fi ra ohunkóhun, ṣètò kí owó máa jáde fúnra rẹ̀ láti àkáǹtì rẹ. Wọ́n á fi iye tó kéré jù hàn ọ́, wọ́n á tún fi gbogbo gbèsè inú ìwé oṣù hàn ọ́. Èyí tó jẹ́ gbogbo gbèsè ni kí o tẹ̀.

Alájọ màmá mi kọjá bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ṣì ń gba owó ọjọ́ kan nínú ọjọ́ 31 bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Bí o bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní 3%. Màmá ò bínú sí i rí, torí wọ́n mọ iye tí wọ́n ń san, wọ́n mọ ohun tó ń bá wọn ṣe, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kí o mọ káàdì tìrẹ nìyẹn.

Jọ̀wọ́, kọ ìnáwó oṣù yìí sórí ìwé, kí o ya fọ́tò rẹ̀ àti ti ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ránṣẹ́ sí mi kí o tó buwọ́ lu ọ̀kankan. Tí iye tí mo kọ fún oúnjẹ kò bá rí bẹ́ẹ̀, sọ fún mi, mo máa tún un ṣírò. Alẹ́ ọ̀la ni mo máa dúró dè ọ́, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án tiwa.

Màmá ti ń pè mí, ẹ̀kọ àti ẹja ọ̀sà ti délẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Bọ́lá.