Ẹ má gbàgbé bárékè Odò-Ọ̀tìn

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa Ogun Kírìjì, mo gbádùn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí ò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ní Carter, gómìnà òyìnbó tó wà l'Ékòó, dé lọ́dún 1893, ó tú bùdó ogun ká, kálukú sì gbalé ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ò kúkú tán síbẹ̀.

Ọmọ ogun Ìbàdàn kúrò n'Íkirun lóòótọ́, ti Ìlọrin tó ń bá wọn jà náà kúrò l'Ọ́fà, ṣùgbọ́n ta ló fọkàn tán ẹnì kejì ẹ̀? Ìyẹn ni ìjọba òyìnbó Èkó ṣe kó sójà Háúsá lọ sí bárékè kan ní Odò-Ọ̀tìn, sáàárín àwọn méjèèjì gangan, kógun má bàa tún bẹ́.

Ẹ wá wò ó lójú àwọn ará Ìlọrin o. Ìbọn òyìnbó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà Èkó yẹn ló sì jẹ́ ẹrú tó ti sá mọ́ olówó ẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, báwo ni inú ìjòyè tó lẹ́rú rẹpẹtẹ ṣe fẹ́ dùn? Tèmi ni pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Lọ́dún 1895 àwọn balógun dìde sí Ẹ́míà Moma tó fẹ́ kí wọ́n bá Èkó rẹ́, ó le débi pé ẹ̀tù ló fi gbẹ̀mí ara ẹ̀ láàfin, àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí. Sùlémánù ni wọ́n fi jẹ. Nígbà tó di 1896, ọmọ ogun Ìlọrin kọ lu Odò-Ọ̀tìn, àwọn sójà lé wọn padà.

Síbẹ̀ Èkó ò ráyè wọ Ìlọrin, torí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, ló ní abẹ́ òun nibẹ̀ wà. Ìgbà tí Goldie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, gba Bídà tán ní January 1897 ló yà sí Ìlọrin, ó sì gbà á ní February. Kí ni sójà tún ń ṣọ́ l'Ódò-Ọ̀tìn lẹ́yìn ìyẹn?

Àmọ́ ààlà ọ̀hún ò lọ. Ẹ wọ mọ́tò l'Ókukù kẹ́ ẹ máa lọ sí Ọ̀fà lónìí, ẹ ti kúrò l'Ọ́ṣun bọ́ sí Kwara nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ni. Captain Bower tó ń ṣojú Èkó n'Íbàdàn nígbà yẹn ní ilé gogoro tí wọ́n fi ń rántí ẹ̀ l'Ókè Ààrẹ n'Íbàdàn, àwọn ọmọ wa ń gùn ún, àmọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ Odò-Ọ̀tìn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan lọ bá àwọn àgbà Òkukù, Ìkirun àti Ọ̀fà, kó bi wọ́n níbi tí bárékè yẹn wà gan-an, nígbà tá a ṣì rẹ́ni bi.