Etí kan fún fóònù, etí kan fún ìlú

Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Òkun o. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í kí ọ báyìí ní Toronto, torí náà mo tún un kí lẹ́ẹ̀kejì: òkun o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Iṣu tuntun ti dé ọjà, iná ìjọba ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní ọjọ́ Ẹtì làwọn máa kúrò níbí, mo ní kí wọ́n bá mi mú aṣọ àwọn ọmọ àti lẹ́tà yìí dání. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tá a jọ sọ̀rọ̀ lánàá. Ọ̀rọ̀ íápíìsì tó o fi ránṣẹ́ sí mi ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ fi íápíìsì sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lò ó. Ìwọ náà ṣe ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ fún oṣù mẹ́fà kó o tó sá lọ sí yunifásítì, o mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ọwọ́ ọ̀tún ń ti aṣọ, ọwọ́ òsì ń tọ́ ọ, ẹsẹ̀ ń tẹ maṣíìnì, ojú ò sì gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo bá dé ibi ọrùn aṣọ gan-an ni kọ́sítọ́mà tó wà ní Abuja máa pè, pé òun ò fẹ́ kí apá aṣọ òun fẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fi ń há fóònù. Tó bá dalẹ́, ọrùn á máa ro mí bí ẹni tó ru iṣu bọ̀ láti oko. Lọ́jọ́ kan fóònù já bọ́, ẹ̀gbẹ́ irin eléèédú tó gbóná ló bọ́ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ́, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní.

Mo wá ra oníwàyà. Ìyẹn náà dára, àfi ọjọ́ tí mo tẹ̀ ba láti wo bọ́bìnì, tí okùn rẹ̀ wọ ara kẹ̀kẹ́ tó ń yí lára maṣíìnì. Kí n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó ti wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fa etí mi bí tísà wa ṣe máa ń fà á ní praimárì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi mí bóyá etí ṣì wà níbẹ̀.

Èyí tó o fi ránṣẹ́ kò ní okùn tó máa wọ ibì kankan. Mo lè máa gé aṣọ, mo lè máa ro ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lórí iná, mo lè máa gún iyán pàápàá (ìyẹn nìkan ni mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀, kọ́sítọ́mà kan bi mí bóyá wọ́n ń wó ilé lọ́dọ̀ wa). Mo ti mọ ìwà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì tí mo lọ ká aṣọ lẹ́yìnkùlé, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́, á sì pa mọ́ mi létí. Ọmọ mi tó wà ní poly Lọ́kọ́ja ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá ló ń dé dáadáa, pé ògiri ń dín in kù, ara èèyàn náà sì ń dí i lọ́nà nítorí omi tó wà nínú wa. Àṣé ìdí nìyẹn tó fi máa ń yọ mí lẹ́nu bí fóònù bá wà lápò ọ̀tún tí íápíìsì wà létí òsì! Mo ti ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà báyìí. Atẹ́gùn tó máa ń ṣáájú òjò ni mi ò tíì rí ojútùú sí. Tó bá ti ń fẹ́, ohun tí ẹni tó pè máa gbọ́ ni pé mo wà nínú ẹ̀fúùfù, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ yẹn kan náà ló sọ ìtàn orúkọ Bluetooth fún mi, ìyẹn ọ̀nà tí fóònù àti íápíìsì yìí ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí okùn. Ó ní ọba kan jẹ ní Denmark ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Harald lorúkọ rẹ̀, Eyín Búlúù ni wọ́n ń fi í pè. Òun ló kó àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ jọ sábẹ́ ìjọba kan. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Ericsson bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní 1994, wọ́n mú orúkọ rẹ̀. Àmì tó ń hàn lórí fóònù yẹn, lẹ́tà H àti B ayé àtijọ́ tiwọn ni wọ́n so pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni nǹkan tí wọ́n fi orúkọ ọba tó ń kó èèyàn jọ sọ fẹ́ tú èmi àti àdúgbò ká.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Ṣó o rántí ìrọ̀lẹ́ tó ò ń sọ fún mi nípa ẹranko tí ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni fi ìbòjú bojú, tó ń wá ṣí garawa ìdọ̀tí yín lóru? Mo jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣẹ́ etí aṣọ. Mo wé gèlè, gèlè bo etí. Bàbá kan ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ wọn, ń bọ̀ láti oko, ọkọ́ lórí èjìká. Wọ́n kí mi: òkun o. Mi ò gbọ́. Wọ́n tún kí mi. Ibi tí ẹranko yẹn ti gbé egungun adìyẹ sá lọ lo dé nígbà yẹn, mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ohun tí bàbá rí ni pé àwọn kí obìnrin kan lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn, ó sì fi àwọn rẹ́rìn-ín.

Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Ìsánlú, mi ò ní láti la èyí yé ọ. Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, kí ló tún so wá pọ̀ tó ìkíni yẹn? Orí rẹ̀ ni wọ́n ti fún wa lórúkọ, tí wọ́n ń pè wá ní ará Òkun. Ẹ̀ka èdè wa yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n bí o bá ní òkun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́. Èèyàn lè jẹ gbèsè, kó má san án, kí wọ́n ṣì máa bá a ṣeré. Kó má dáhùn òkun, ìyẹn ti di nǹkan mìíràn.

Mi ò mọ nǹkan kan o. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyàwó àbúrò wọn wá gba aṣọ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Wọ́n ní o ti di ọ̀gá." Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ránṣẹ́ pè mí, wọ́n bi mí ohun tí bàbá ṣe fún mi. Ó gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rántí ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún. Ara mi bù máṣọ.

Mo mú obì, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, àlàyé ò wọlé. Mo bá yọ íápíìsì náà lápò. Bàbá gbà á, wọ́n fi ìka méjì mú un, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ kóró kajú wò. Wọ́n ní, "Èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo tọrọ àyè, mo fi sí wọn létí, mo lọ sí ìta, mo sì fi fóònù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pe tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọmọ ilé bá wọn tẹ̀ ẹ́. Mo ní: òkun o, bàbá. Mo gbọ́ tí wọ́n dáhùn látinú ilé kó tó dáhùn létí mi. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ara wọn. Wọ́n wá bi mí: kí ló dé tí àwọn tó ṣe é kò fi kùn ún ní pupa?

Ìyá Ìbejì, mi ò rí oorun sùn bọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Oníwàyà tí mo ń bú, okùn rẹ̀ ló ń gbà mí sílẹ̀ láìmọ̀. Ẹni bá rí okùn funfun tó gba àyà mi lọ sí etí ti mọ̀ pé èmi àti ẹnì kan wà lórí ọ̀rọ̀. Á fọwọ́ kàn mí léjìká, tàbí kó dúró. Okùn wà, òkun ò dìjà. Wọ́n ti yọ okùn kúrò báyìí, wọ́n ní ìlọsíwájú ni, ẹni tó ń kọjá ò sì mọ̀ mọ́ bóyá mo wà nílé tàbí mo wà ní Toronto.

Mo gbìyànjú ìmọ̀ràn bàbá. Mo gé aṣọ pupa tín-ín-rín kan, mo ní bí mo bá ti wà lórí fóònù kí àwọn ọmọ iṣẹ́ so ó mọ́ maṣíìnì mi. Ọjọ́ kejì ni kọ́sítọ́mà mi tó jẹ́ ará Bùnú wọlé, ó rí i, ó káwọ́ lérí, ó ní ta ló kú? O mọ ohun tí aṣọ pupa jẹ́ fún wọn. A ti sọ ọ́ di àwọ̀ yẹ́lò.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, etí kan ṣoṣo ni mo ń fi í sí, mo sì ti ń wé gèlè sẹ́yìn etí yẹn. Èkejì wà fún ìlú. Bí àgbàlagbà bá ń bọ̀, mo máa ń yọ ọ́ bí ọkùnrin ṣe ń ṣí fìlà, mo sì máa ń yọ ọ́ kí n tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò bá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì bá mi dé ilé ọ̀fọ̀ láéláé.

Àwọn ọlọ́kadà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n á fi sí etí méjèèjì, orin á máa lu, ní ọ̀nà Ọbájànà tí àwọn tírélà ń gbà lọ gbà bọ̀. Fèrè tírélà kì í wọ irú etí bẹ́ẹ̀. Mi ò gun irú ọ̀kadà yẹn mọ́, kódà bí òjò bá ń bọ̀. Fún ẹni tó ń wakọ̀ pàápàá, àwọn olùwádìí ti rí i pé bí ọwọ́ bá tilẹ̀ wà lórí sítíárìn, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù ṣì ń gba ọkàn rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tó fi kàn ọ́ báyìí. Ìwọ náà jẹ̀bi. Ọjọ́ tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi fún ọ, tí mo tú gbogbo inú mi jáde, tí mo kàn gbọ́ tí ọkùnrin kan húkọ́! Àṣé inú ọkọ̀ lo wà, sípíkà ọkọ̀ ni ohùn mi ti ń jáde, bàbá àwọn ìbejì sì jókòó tì ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá kí mi lórí fóònù, ojú wọn ni mò ń rò. Jọ̀ọ́, kó o tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, sọ fún mi pé, "Àwa méjì la wà níbí o." Màá mọ ohun tí màá sọ. Tó o bá sì ń fọ abọ́, sọ fún mi. Íápíìsì tìrẹ ń gbé ariwo omi yẹn wá sí mi létí bí ẹni pé orí mi lò ń fọ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ràn tiwọn náà. Bí mo bá gbọ́ orin tó wà létí wọn láti ìdí maṣíìnì tèmi, mo máa ń ní kí wọ́n dín in kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ohùn bá wà ní 80 dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó), wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kéèyàn má kọjá, bó bá sì ròkè sí i, wákàtí náà máa dín kù gan-an. Mi ò ní ohun tí mo lè fi wọn dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì, maṣíìnì mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo sì ti kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n máa yá ara wọn ní íápíìsì. O ò fẹ́ mọ ohun tí mo rí lára ọ̀kan tí mo nù.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún kéré: rọ́bà tó wà lẹ́nu èyí tó o fi ránṣẹ́ tóbi fún etí mi, ó máa ń yọ̀ bọ́. Bó o bá rí èyí tó kéré, fi méjì kún ẹrù tó ń bọ̀. Kó o sì máa pè mí ní aago mẹ́ta ọ̀sán tiyín. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló máa jẹ́ níbí, bí òtútù yín bá dé á di mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn ti wọlé nígbà yẹn, mo lè fi etí méjèèjì gbọ́ ọ.

Bàbá yẹn kọjá ní àárọ̀ yìí bí mo ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún wọn pé mò ń kọ lẹ́tà sí ọ, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ẹni tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òkun o. Dá wọn lóhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Dúró